Ẹ Béèrè Ìgbà Tó Ń Gbọ̀n Kí Ẹ Tó Tú Jíà Kalẹ̀

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn onímọ́tò, awakọ̀ àti mẹ́káníìkì ní Warri àti agbègbè rẹ̀

   Bí jíìpù tí ẹ jókòó sínú rẹ̀ bá ń gbọ̀n bí ẹ ti ń gbọ́ mi yìí, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ epo àti iṣẹ́ irin ló kó ọkọ̀ four-wheel wọ Warri púpọ̀. Nígbà tí ilé ìfọpo Warri bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, tí ilé-iṣẹ́ irin Aladja sì tẹ̀lé e ní 1982, ọ̀pọ̀ ibi tí iṣẹ́ wà ni ọ̀dà kò tíì dé. Ọkọ̀ tó lè gba inú ẹrẹ̀ kọjá ni àwọn oníṣẹ́ ń wá. Lónìí, ọ̀pọ̀ jíìpù tí a ń wà ló ti lo ọdún gbọọrọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó kàn wá. Àwọn kan jẹ́ tòkunbọ̀ tó gba orí omi wọlé, àwọn kan jẹ́ ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n tà ní gbàǹjo. 4Runner, Prado, Hilux, Pathfinder, Pajero, Lexus RX300, Honda CR-V: púpọ̀ nínú wọn ti lé ní ogún ọdún. Agbára ṣì wà lára wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń gbọ̀n.

Ohun tó ń dùn mí ni bí a ṣe ń náwó sórí gbígbọ̀n yìí láìwádìí. Olówó ọkọ̀ á dé ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì, á ní, "E dey shake." Mẹ́káníìkì náà kò ní béèrè ohunkóhun, á ní engine seat ni. Wọ́n á pààrọ̀ engine seat, kò ní lọ. Á ní plug ni, wọ́n á pààrọ̀ plug. Á ní shaft ni. Nígbẹ̀yìn, wọ́n á ní jíà ti lọ. Wọ́n á ránṣẹ́ sí ọjà Ladipo ní Èkó, wọ́n á gbé jíà tòkunbọ̀ wá, wọ́n á sọ tàtijọ́ kalẹ̀. Ọkọ̀ á tún jáde, á sì tún máa gbọ̀n. Mo ti wọ abẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí lẹ́yìn tí wọ́n ti pààrọ̀ jíà tán, tó jẹ́ pé cross kan tí kò tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, lára propeller, irin gígùn tó ń gbé agbára jíà lọ sí differential, ló ń dà á láàmú láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó orí ọmọ ni wọ́n fi ra jíà náà. Ó dùn mí gan-an.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí dá lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: ìgbà wo ló ń gbọ̀n? Ọkọ̀ kò lè nàka sí ibi tó ń dùn ún, ṣùgbọ́n kì í fi ìgbà pamọ́. Ẹni tó bá fara balẹ̀ mọ ìgbà ni yóò mọ ibi tí yóò wò.

Ìdí rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ń yí nínú ọkọ̀ ló ń yí pọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń yí gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ yín bá ṣe tẹ epo, yálà ọkọ̀ ń rìn tàbí ó dúró. Táyà, rímù, hub, shaft àti propeller ń yí gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ bá ṣe ń sáré. Bí ọkọ̀ bá dúró, àwọn náà dúró. Láàárín àwọn méjèèjì ni torque converter àti jíà wà, àwọn tí gbígbọ̀n tiwọn sábà máa ń hàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ti ọkọ̀ lọ gidi, tí ẹrù wà lára wọn. Ìyípo ẹ́ńjìnnì, ìsáré ọkọ̀, àti ẹrù: ẹ fi mẹ́ta yìí sọ́kàn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọkọ̀ dúró sí. Ẹ fi jíà sí P, ẹ fa hand brake, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra tẹ epo títí ọwọ́ aago RPM yóò fi dé iye tó máa ń wà nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n lójú títì. Bí ó bá jẹ́ 2,200 ló máa ń wà lójú ọ̀nà, ẹ gbé e dé 2,200 níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n lójú ọ̀nà, ẹ má wulẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wo propeller. Ẹ́ńjìnnì ló lẹ́jọ́ láti jẹ́: plug, coil, injector tàbí engine seat. Bí kò bá gbọ̀n rárá, ẹ ti yọ púpọ̀ kúrò nínú àwọn tí a fura sí láìná kọ́bọ̀.

Ẹ má tíì paná. Ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pinpin, ẹ fi jíà sí D láìtẹ epo, lẹ́yìn náà ẹ fi sí R, lẹ́yìn náà N. Bí ara ọkọ̀ bá ń gbọ̀n ní D tàbí R, tó sì rọlẹ̀ ní N, ẹ wo engine seat àti gear seat. Nínú ọkọ̀ àgbà, rọ́bà wọn á ti le, á ti sán, tàbí kí òróró tó ń jò ti rin ín títí tó fi wú. Bí ẹ bá sì gbọ́ "gbà!" nígbà tí jíà wọ D tàbí R, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. A óò padà sórí ìró yẹn nígbà tí a bá dé orí propeller.

Ìdánwò kejì ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń pín ọkọ̀ sí méjì. Ẹ wá títì tó gùn, tó tẹ́jú, tí èrò kò sí. Kùtùkùtù ọjọ́ Sunday lójú ọ̀nà Effurun sí Ughelli dára, bí ẹ bá rí apá ibi tí kòtò kò sí. Ẹ mú ẹnì kan dání tí yóò máa kọ nǹkan sílẹ̀, kí ojú awakọ̀ má baà kúrò lọ́nà. Ẹ gbé ọkọ̀ dé ìwọ̀n ìsáré tó ti máa ń gbọ̀n, ká ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan. Bó bá ti ń gbọ̀n dáadáa, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ẹ ti jíà sí N, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ẹ́ńjìnnì o. Bó bá kú, sítíárìn á wúwo, bíréèkì á le, kọ́kọ́rọ́ sì lè ti sítíárìn pa. Ẹ má sì jẹ́ kí ọwọ́ yín ré kọjá N bọ́ sí R.

Bí gbígbọ̀n náà bá ń bá a lọ ní N bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti rọlẹ̀, ohun tó ń yí pẹ̀lú ìsáré ọkọ̀ ni: táyà, rímù, hub tàbí propeller. Bó bá pòórá lójú ẹsẹ̀, ó dúró lórí ẹ́ńjìnnì tàbí lórí ẹrù, ẹ sì lè máa fura sí torque converter. Èyí tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú ni èyí tó dín kù tí kò lọ tán. Ìyẹn sábà máa ń tọ́ka sí ohun tó ń yí pẹ̀lú ọkọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹrù ń mú burú sí i: cross tó ti jẹ, tàbí joint inú shaft iwájú. Bó bá jẹ́ pé nígbà tí ẹ tẹ bíréèkì nìkan ló ń gbọ̀n, dísìkì bíréèkì ni kí ẹ wò.

Ara yín náà máa ń mọ ìyàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Táyà 265/70R16 tó wà lára ọ̀pọ̀ 4Runner máa ń gba nǹkan bíi mítà 2.44 ní ìyípo kan. Ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ó ń yí tó ìgbà 9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìdíwọ̀n differential bá jẹ́ 4.10, propeller ń yí tó ìgbà 37 ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Cross tó ti bàjẹ́ sì máa ń ta lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo propeller kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nǹkan bíi 75. Ìdí nìyẹn tí gbígbọ̀n táyà fi ń lọ́ra: ó ń mi sítíárìn jìgìjìgì bó bá wá láti iwájú, ó ń mi ìjókòó bó bá wá láti ẹ̀yìn, ojú sì lè rí omi tó ń mì nínú ike. Ti propeller yára ju ohun tí ojú lè kà lọ. Á máa hùn, á máa ta lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, á sì máa mú kí dígí tó wà lókè orí awakọ̀ ṣe bàìbàì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: mo lè kà á ni, àbí ó ń hùn ni?

Bó bá jẹ́ èyí tí ẹ lè kà, ọ̀dọ̀ fọ̀kánáísà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ fọ inú rímù ná, torí ẹrẹ̀ ìlú wa tó bá gbẹ mọ́ inú rímù kan tó láti gbọn gbogbo ọkọ̀, omi àti búrọ́ọ̀ṣì sì ni oògùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣe balancing. Ẹ gbé táyà sókè kí ẹ yí i, kí ẹ fojú wo ibi tó bá wú tàbí tó wọ́. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn DOT lára táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún. 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ní 2016. Táyà tòkunbọ̀ lè ní ojú tó dára kí inú rẹ̀ sì ti tú. Bí ẹ bá gbé ti iwájú sí ẹ̀yìn, tí gbígbọ̀n náà sì bá wọn lọ, ẹ ti mú olè.

Fún ẹ̀yin tí jíìpù yín jẹ́ èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà nígbà gbogbo, bíi Prado tàbí RX300 tó jẹ́ AWD, ẹ má so táyà tuntun méjì pọ̀ mọ́ méjì tó ti jẹ. Àyíká wọn kò dọ́gba mọ́, nítorí náà iwájú àti ẹ̀yìn kò ní yí bákan náà, ohun tó wà láàárín wọn á sì máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí yóò fi gbóná, tí yóò sì bàjẹ́. Nínú RX300 viscous coupling ni ohun náà, kì í sì í ṣe ohun olówó pọ́ọ́kú.

Wàyí o, propeller. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù lọ, torí òun ni wọ́n kì í sábà wò.

Cross tó wà lára propeller ti pẹ́ lọ́wọ́ ọmọ aráyé. Wọ́n ń fi orúkọ Gerolamo Cardano, ará Ítálì tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, pe irú joint bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn sì ń fi orúkọ Robert Hooke, onímọ̀ ará England ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí irin méjì tí kò tọ́ síra lè máa yí pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan. Bí irin àkọ́kọ́ tilẹ̀ ń yí déédéé, èkejì kì í yí déédéé: nínú ìyípo kan, á yára lẹ́ẹ̀mejì, á falẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí igun tó wà láàárín wọn bá ṣe pọ̀ tó ni ìwà yìí ṣe ń burú tó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi cross méjì sí propeller, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kí tẹ̀yìn lè pa tiwájú rẹ́. Kò lè pa á rẹ́ àyàfi bí etí irin tó di cross mú níwájú àti ní ẹ̀yìn bá wà ní ìlà kan náà, tí igun méjèèjì sì dọ́gba.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ lọ́wọ́ wa. Lára propeller, ibì kan wà tó ti ń wọnú ara rẹ̀, tó ń gùn, tó ń kúrú bí sípírìn ẹ̀yìn bá ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Mẹ́káníìkì á yọ propeller láti pààrọ̀ cross, á fa ibẹ̀ yọ, á fọ̀ ọ́, á kì í padà, kò sì ní rántí bí àwọn etí náà ṣe kọjú síra. Eyín rẹ̀ pọ̀, ó sì lè wọ ibi tí kò yẹ. Cross tuntun, gíríìsì tuntun, ọkọ̀ á sì gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n á ní cross náà kò dára, wọ́n á ra òmíràn. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹ́káníìkì, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kan, ẹ fi ọ̀dà ìkunlé tàbí sísẹ́lì sàmì sí flange àti sí ojú méjèèjì ibi tó ti ń wọnú ara rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.

Bí ẹ ṣe lè yẹ cross wò nìyí. Ẹ gbé ọkọ̀ sí orí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ fi òkúta ńlá dí táyà níwájú àti lẹ́yìn, ẹ paná ẹ́ńjìnnì, ẹ fi jíà sí N. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan di flange differential mú, ẹ fi èkejì di propeller mú, ẹ yí ọ̀kan sọ́tùn-ún, ẹ yí èkejì sósì. Lẹ́yìn náà, ẹ ti propeller sókè, ẹ fà á sísàlẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí àyè kankan níbi cross. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí etí ìdérí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú pupa tó rọra tò yí etí ìdérí kan ká, gíríìsì ti tán níbẹ̀, àwọn abẹ́rẹ́ irin inú rẹ̀ sì ti ń jẹ ara wọn. Ó lè má tíì ní àyè tí ọwọ́ lè mọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tú u, tí ẹ fi ìka yí i, ẹ óò rí i pé ó ń kọ́ lójú kan. Irú cross bẹ́ẹ̀ ti tó láti gbọn ọkọ̀. Ohun tó tún máa ń hàn ni ìró "gbà!" tí mo ní kí ẹ kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tàbí kí ó máa ké "ṣìn-ṣìn-ṣìn" bí ọkọ̀ bá ń rọra rìn.

Propeller 4Runner tí wọ́n ṣe láàárín 1996 sí 2002 ní ojú tí a lè gbà fa gíríìsì sí i. Àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ń fi omi alágbára fọ abẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń fún un ní gíríìsì? Ẹ fa gíríìsì sí cross títí tuntun yóò fi yọ ní ìdérí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ti ibi tó ti ń wọnú ara rẹ̀, díẹ̀ ni kí ẹ fún un. Bí ẹ bá rọ ọ́ kún, kò ní lè kúrú mọ́, á sì máa ti bearing inú transfer case, àpótí tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn.

Ẹ tún fi ọwọ́ pa ara propeller láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá ti gbá òkúta tó sì wọ́, ọwọ́ á mọ̀. Irin pẹlẹbẹ kékeré wà tí wọ́n jó mọ́ ọn lára láti fi ṣe balancing rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti já, ojú ibi tó wà á hàn yàtọ̀. Propeller tí wọ́n bá sì ti gé tí wọ́n jó padà ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà gbọ́dọ̀ dé ibi tí ẹ̀rọ balancing propeller wà kó tó padà sábẹ́ ọkọ̀. Àwọn Hilux tí propeller wọn gùn máa ń ní center bearing láàárín. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti ya, gbígbọ̀n rẹ̀ máa ń wá nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, kí ẹ tó dé kìlómítà 30, á sì lọ bí ọkọ̀ bá ti já geere.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn èèyàn kì í so pọ̀ mọ́ propeller: gear seat. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti tẹ́, ìdí jíà á wálẹ̀, igun cross iwájú á yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn, wọn kò sì ní lè pa ara wọn rẹ́ mọ́. Bákan náà ni sípírìn ẹ̀yìn tó ti rẹ̀ lábẹ́ ẹrù, tàbí jíìpù tí wọ́n gbé ga kó lè dùn ún wò. Bí jíìpù yín bá ń gbọ̀n nígbà tí ó bá kún fún ẹrù, tí kò sì gbọ̀n nígbà tí ó ṣófo, ẹ wo igun wọ̀nyí kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí èyí tó pòórá nígbà tí ẹ ti jíà sí N. Bó bá jẹ́ pé láàárín kìlómítà 60 sí 90 ló ń wá, nígbà tí ẹsẹ̀ yín kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan epo, tó sì dà bí ìgbà tí táyà ń gun àwọn òkè kéékèèké tí wọ́n tò sójú títì, ẹ fura sí lock-up inú torque converter. Ní ìsáré bẹ́ẹ̀, jíà ọ́tò máa ń so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ gírígírí kí epo lè dín kù. Bí òróró jíà bá ti gbó, tàbí bí ojú ohun tó ń di ara wọn mú náà bá ti jẹ, yóò máa dì mú, yóò máa jù sílẹ̀, lẹ́sẹẹsẹ.

Ìdánwò rẹ̀ rọrùn. Bó bá ti ń gbọ̀n, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí epo bó ṣe wà, ẹ fi ẹsẹ̀ òsì rọra kan bíréèkì, kí iná ẹ̀yìn ṣáà tàn. Bíréèkì yìí á sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kó tú lock-up sílẹ̀. Bí gbígbọ̀n bá dá wáí, ẹ ti rí i. Ẹ tún lè tẹ bọ́tìnnì O/D tó wà lára ọ̀pá jíà láti pa overdrive. Bó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tó ń ta kù nítorí coil tàbí plug ni, kò ní gbọ́ ti bíréèkì, iná check engine sì sábà máa ń ṣẹ́jú. Àwọn méjèèjì jọra púpọ̀ lára awakọ̀, ọ̀pọ̀ jíà ló sì ti tipa bẹ́ẹ̀ lọ láìṣẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 ní ojú OBD-II lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. P0300 àti àwọn tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì tó ń ta kù. P0741 jẹ́ ti lock-up.

Bó bá jẹ́ lock-up, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ òróró jíà. Ẹ fa ọ̀pá rẹ̀ yọ, ẹ gbóòórùn rẹ̀: bó bá ń rùn bí ohun tó jóná, tó sì dúdú, ó ti pẹ́. Irú òróró tí olùṣe ọkọ̀ kọ sínú ìwé tàbí sára ọ̀pá ni kí ẹ rà. Jíà A340F tó wà nínú ọ̀pọ̀ 4Runner àtijọ́ ń lo Dexron. Àwọn Toyota tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń lo T-IV, àwọn mìíràn WS. Kí òróró ṣáà pupa kò tó. Ẹ sì mọ̀ pé bí ẹ bá já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, apá kan péré ló jáde. Èyí tó kù wà nínú torque converter. Ẹ já a sílẹ̀, ẹ rọ tuntun, ẹ wà á fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Bí gbígbọ̀n bá ṣì kù lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà náà ni kí ẹ tó máa sọ̀rọ̀ nípa sísọ jíà kalẹ̀.

Four-wheel fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nínú àwọn jíìpù tí awakọ̀ ń fọwọ́ fi sí 4H, kò sí ohun tó ń jẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn yàtọ̀ síra nínú yíyí. Nínú ẹrẹ̀ kò sí wàhálà, torí táyà á máa yọ̀. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, bí ẹ bá yí kọ́nà, ọkọ̀ á máa fà, á máa ta táyà, á sì dà bíi pé ẹnì kan ń tẹ bíréèkì fún yín. Bí ẹ bá ti jáde nínú ẹrẹ̀, ẹ padà sí 2H. Ẹ̀yin oní-CR-V àtijọ́, bí ẹ̀yìn ọkọ̀ yín bá ń kùn tó ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá ń rọra yí sítíárìn dé òpin, ẹ pààrọ̀ òróró inú differential ẹ̀yìn sí èyí tí Honda ṣe fún un gan-an. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìyẹn nìkan ń pa á lẹ́nu mọ́.

Àwọn 4Runner tó dé láti 2003, Tacoma àti FJ Cruiser ní àìsàn kan tí wọ́n mọ̀ wọ́n sí. Bearing abẹ́rẹ́ tó gbé shaft òsì dúró nínú differential iwájú máa ń jẹ. Á máa kùn, á máa gbọ̀n ní 2H. Bí ẹ bá fi sí 4H lórí ọ̀nà títọ́ fún ìgbà díẹ̀, á dákẹ́, torí pé shaft náà ti ní ẹrù tó gbá a mú síbì kan. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ má fọwọ́ kan propeller.

Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì rú yín lójú nínú ọkọ̀ tó ní 2H, ẹ lè yọ propeller iwájú, kí ẹ fi ti ẹ̀yìn nìkan wà á lọ sójú ọ̀nà kan náà. Bó bá dákẹ́, iwájú ni. Nínú àwọn tó jẹ́ pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà nígbà gbogbo, ẹ kò lè ṣe é láìti center differential pa, èyí tí kò sì ní ohun tí a fi ń tì í, ẹ má dán an wò rárá. Ẹ fi èyí sí etí, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni: bí ẹ bá ti yọ propeller kan, P lè má di ọkọ̀ mú mọ́. Ẹ dí táyà kí ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì tún dí i kí ẹ tó jáde kúrò nínú rẹ̀.

Ó ku omi. Àgbàrá 2012 àti ti 2022 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn ará Ìpínlẹ̀ Delta. Ní 2022, omi bo ojú ọ̀nà East-West ní apá Ughelli sí Patani. Nígbà tí differential tó ti gbóná bá bọ́ sínú omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á súnkì lójijì, á sì fa omi wọlé gba ojú ìmí rẹ̀ tàbí etí oil seal tó ti gbó. Omi náà á jókòó pẹ̀lú òróró, á máa jẹ bearing díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í kùn títí oṣù púpọ̀ yóò fi kọjá, nígbà tí ẹni tó ni ín ti gbàgbé omi. Bí ẹ bá ti gba inú omi tó mu hub kọjá, tàbí bí ẹ bá ra ọkọ̀ tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá, ẹ tú nọ́ọ̀tì òkè differential iwájú àti ti ẹ̀yìn, àti ti transfer case, kí ẹ fi ìka kan òróró inú rẹ̀. Bó bá funfun tó sì ki, omi ti wọ ọ́. Ẹ já gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ tú nọ́ọ̀tì òkè kí ẹ tó tú tìsàlẹ̀ o. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú tìsàlẹ̀ tí tòkè wá kọ̀ láti tú, ó ti fi ọkọ̀ tí kò ní òróró sílẹ̀.

Ẹ tún wo ojú ìmí náà, rọ́bà tàbí ìdérí kékeré tó wà lórí axle. Bí ẹrẹ̀ bá ti dí i, ẹ yọ ọ́, ẹ fi epo petirólù fọ̀ ọ́, ẹ fẹ́ ẹ kó mọ́. Kò gba owó.

Lẹ́yìn iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá ṣe, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó tún ṣe òmíràn. Ẹ padà sójú ọ̀nà tí ẹ ti dán an wò, pẹ̀lú iye èèyàn kan náà nínú ọkọ̀ àti afẹ́fẹ́ kan náà nínú táyà. Ẹ gbé e dé ìsáré kan náà, kí ẹnì kejì tún kọ ọ́ sílẹ̀: ó lọ, ó dín kù, tàbí ó wà bó ṣe wà. Ẹ mú ìwé náà lọ fún mẹ́káníìkì yín bí ẹ bá fẹ́ lọ rí i. Mẹ́káníìkì tó bá mọṣẹ́ á jókòó kà á kó tó béèrè kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ yín.